Ta Ló Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Ní ilé oògùn kan ní Wuse, l'Ábújà, wọ́n gbé oògùn ibà lé ọ lọ́wọ́, o yí páálí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, o ń wá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn. Àjọ yẹn, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Zone 7 níbẹ̀, ti ń lo ọgbọ́n mìíràn láti 2010: fún àwọn oògùn kan, wàá fi èékánná ha ibì kan lára páálí, nọ́ńbà á yọ, wàá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, èsì á dé pé ojúlówó ni. Ọkàn rẹ balẹ̀, o gbé e mì. Ṣé o wá mọ̀ ni, àbí o gba ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́?

Bọ́rọ̀ bá di ti ẹ̀sìn, taqlid làwọn àáfà ń pe irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀: kéèyàn di ohun tí bàbá tàbí olùkọ́ rẹ̀ sọ mú láìmọ ẹ̀rí rẹ̀. Al-Ghazali, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Nizamiyya ìlú Baghdad ní 1091, kíyè sí i pé ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ń dàgbà di Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Júù di Júù, ọmọ Mùsùlùmí di Mùsùlùmí. Kí wá ni kálukú wọn fi mọ̀? Lójú tirẹ̀, ẹni tó mọ nǹkan dájú dà bí ẹni tó mọ̀ pé mẹ́wàá ju mẹ́ta lọ. Ó ní bí ẹnì kan bá sọ pé mẹ́ta ló pọ̀ jù, tó sì sọ ọ̀pá di ejò láti fi gbè é lẹ́sẹ̀, ẹnu á ya òun sí idán yẹn, àmọ́ mẹ́wàá ṣì ju mẹ́ta lọ. (Ì bá dára kí wọ́n kọ́ wa léyìí kí oníṣẹ́ ìyanu tó dé àdúgbò.) Ní 1095 ó fi iṣẹ́ àti iyì sílẹ̀, ó kúrò ní Baghdad.

Àríyànjiyàn lórí taqlid náà dé tòsí wa. Al-Sanusi ará Tlemcen, ní Algeria òde òní, kọ ìwé kékeré kan nípa ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Ìwé náà la aṣálẹ̀ kọjá, títí àwọn Fúlàní fi ń fi èdè wọn kọ́ ọ lẹ́nu. Nígbà tó yá, àwọn kan ń dá àgbẹ̀ àti darandaran dúró, wọ́n ń béèrè ẹ̀rí ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ò bá lè dáhùn, kèfèrí ni. Shehu Usman dan Fodio (1754–1817) kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìgbàgbọ́ mẹ̀kúnnù pé, kí wọ́n yé dán an wò.

Ẹ̀yìn Shehu lèmi wà. Al-Ghazali alára ti sọ pé oògùn ọkàn tó ń ṣàìsàn ni àwọn ẹ̀rí wọ̀nyẹn, pé oníṣègùn tí ò mọṣẹ́ lè fi ba ti ẹni tára rẹ̀ le jẹ́.

Àmọ́ àgbẹ̀ ayé Shehu mọ àáfà rẹ̀ lójú, ó mọ ilé rẹ̀. Àáfà náà ní ijaza, ìwé tó dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tó kọ́ olùkọ́ rẹ̀. Ní Wuse lónìí, kí wọ́n tó jáde ní Jímọ̀, fátíwà ti wọlé sórí WhatsApp: èyí ní ẹ má ṣe é mọ́, èyí ní ẹni tó bá ṣe é ti di kèfèrí. Fa ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀, bóyá wàá rí orúkọ olùkọ́ kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju “bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́” lọ.