Ejò Tó Ń Wọ Ẹ̀yìnkùlé Wa: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe àti Ohun Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣe

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ti owó orí tàbí ti ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ejò ni. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí koríko ń ga, tí omi ń wọ inú ihò, ejò náà á jáde wá ibi gbígbẹ, á sì máa bá wa pín ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà láàárín wa bá a lábẹ́ àpò. Ẹni tó ń ta adìẹ bá a nínú ilé adìẹ. Kálukú sì ní ohun tó ń ṣe sí i: ẹlòmíì á da kẹrosíìnì, ẹlòmíì á pariwo, ẹlòmíì á gbé igi. Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn kan ń gba ẹ̀mí là, àwọn kan sì ń pa èèyàn. Ìdí nìyí tí a fi ní ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó ní kí ọmọ kà á fún òun.

KÍ NI EJÒ Ń WÁ LỌ́DỌ̀ WA?

Ejò ò wá bá wa jà. Oúnjẹ ló ń wá, àti omi, àti ibi tútù tó ṣókùnkùn. Oúnjẹ rẹ̀ ni eku, ọ̀pọ̀lọ́, aláǹgbá, ẹyin adìẹ àti òròmọdìẹ.

Ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé àwa oníṣòwò. Àgbàdo dà sílẹ̀ níhìn-ín, gàrí dà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, èèpo iṣu wà lẹ́bàá ògiri. Èyí ló ń pe eku. Eku ló wá ń pe ejò. A jẹ́ pé ẹni tó bá ń bọ́ eku, ejò ló ń bọ́. Lẹ́yìn náà, a to paálí jọ, a to kéréètì òfìfo, páànù ògbólógbòó, bulọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù àti igi ìdáná. Lójú tiwa, ẹrù ni. Lójú ejò, yàrá tí wọn ò gba owó ilé rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ti ejò náà ò yàtọ̀.

ÈWO LÓ NÍ ORÓ NÍNÚ WỌN?

Kì í ṣe gbogbo ejò ló ní oró. Àwọn kan wà nínú ilé wa tó jẹ́ pé eku nìkan ni wọ́n ń pa jẹ. Òjòlá náà ò ní oró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó bá tóbi lè fún nǹkan pa. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú òjòlá kékeré kan. Bó bá wọ ilé ará ìlú, wọn kì í pa á, wọ́n á gbé e padà ni.

Àwọn tó yẹ ká bẹ̀rù ní Nàìjíríà, oríṣi mẹ́ta ló ń dá wàhálà jù sílẹ̀. Orúkọ tí ìlú kan ń pè wọ́n lè má bá ti ìlú kejì mu, nítorí náà ìrísí wọn la ó sọ. Èkínní ni paramọ́lẹ̀ tó sanra, tó kúrú, tó ń mí fìn-ín bí ẹni ń fẹ́ táyà. Kì í tètè sá, àfi kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èkejì ni sèbé dúdú, tó ń na orí sókè, tó ń fẹ ọrùn, tó sì ń tu oró sí èèyàn lójú láti ibi tó jìnnà tó mítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ejò kékeré aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ tó máa ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ha ara wọn tí á fi máa dún. Apá Òkè Ọya ló pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n àwa tó ń lọ ra ẹrù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ rí, ẹ kà á sí olóró. Bí owó bá ṣe wá níyèméjì, a kì í gbà á, àbí?

BÍ A ṢE LÈ MÚ KÓ KỌ ẸYÌNKÙLÉ WA SÍLẸ̀

Ẹ gé koríko tó yí ilé ká kúrú. Ẹ gbá oúnjẹ tó bá dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kó ọkà àti ẹ̀wà sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Ẹ gbé igi ìdáná jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì tò ó sórí bulọ́ọ̀kù kó má fara kan ilẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò ara ògiri, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ojú páìpù omi ìdọ̀tí. Àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn tí ìka ọwọ́ lè wọ̀, ejò kékeré lè wọ̀ ọ́. Ẹ kan rọ́bà táyà mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, owó kékeré ni yóò ná yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù tó ti pẹ́ nílẹ̀, ojúmọmọ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi igi gígùn kàn án, ẹ má kàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Lálẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé gbọ́dọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe ti fóònù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sùn sórí ilẹ̀ lásán. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a fi etí rẹ̀ há abẹ́ ibùsùn dáadáa, kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ló ń dí lọ́nà, kì í jẹ́ kí ejò wọlé tọ ẹni tó ń sùn.

Àwọn tó ń da kẹrosíìnì, Izal, áyù tàbí imí ọjọ́ yí ilé ká, a ò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ejò ń tìtorí ẹ̀ sá. Àwọn tó sì ń da pẹtiróòlù sínú ihò tí wọ́n ń ṣáná sí i, àwọn yẹn ń wá iná ni. Ilé jó, ejò gba ẹ̀yìn lọ! Ẹ má sì jẹ́ kí ìbínú eku sún wa fi oògùn kòkòrò olómi sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ tí a ń tà. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré 100ml irú oògùn yẹn lọ́jà, nítorí ó ń pa èèyàn.

BÍ A BÁ WÁ RÍ I Ń KỌ́?

Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò, kí ẹ ti ajá mọ́lé. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un, nítorí ejò tó bá rí ọ̀nà lọ kì í fẹ́ dúró. Bí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè, kí ẹ ránṣẹ́ pe ọdẹ tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ejò ń ṣán, ibi tí wọ́n ti fẹ́ pa á tàbí tí wọ́n fẹ́ gbé e ló ti ń ṣán wọn. Kódà, ejò tí wọ́n ti gé lórí, orí náà ṣì lè buni jẹ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré.

Bí sèbé bá tu oró sí ojú, ẹ má fọwọ́ ra ojú o. Ẹ máa da omi tó mọ́ sí i, omi púpọ̀, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù.

BÓ BÁ ṢÁN ÈÈYÀN

Ibí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tó ń ta èlùbọ́. Ejò ṣán ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń fa igi ìdáná. Àwọn ará ilé fi okùn dì í pinpin, wọ́n fi bíléèdì gé e, wọ́n pọ́n ọn lá. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí ò bọ́, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ méjì ti lọ. Dókítà ní kì í ṣe oró nìkan ló ṣe é, okùn yẹn náà lọ́wọ́ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ibẹ̀, ẹran ara sì kú.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyí. Ẹ mú èèyàn náà kúrò lọ́dọ̀ ejò. Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kó má rìn, kó má sáré, torí bí ara bá ti ń mì ni oró ń tàn. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kí ara tó wú. Ẹ fi pátákó tàbí igi ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi aṣọ wé e lọ́wọ́ fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí eegun bá ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ọsibítù yá. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ló wà, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú.

Ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ má gé e. Ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ má gbé òkúta dúdú lé e. Ẹ má fún un ní kẹrosíìnì tàbí ọtí mu. Ẹ má wá ejò náà kiri láti gbé e dání. Bí ẹnì kan bá ti rí i, kó sọ àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ṣe fún dókítà, ìyẹn náà tó.

“BÀBÁ WA ṢE É, Ó SÌ SÀN”

A mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ẹ pa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ejò ń ṣán èèyàn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.4 lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nínú wọn, mílíọ̀nù 1.8 sí mílíọ̀nù 2.7 ni oró wọ̀ lára. Ìyẹn ni pé nínú èèyàn 10, bíi 3 sí 5 ni oró wọ̀. Àwọn tó kù, ejò aláìlóró ló ṣán wọn, tàbí olóró tí kò tú oró sílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fún àwọn yẹn, ìbáà ṣe omi lásán, ara wọn á yá. Àmọ́ àwọn 3 sí 5 yẹn ńkọ́? Láti ojú lásán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n ní wákàtí àkọ́kọ́. Lọ́dọọdún, èèyàn 81,000 sí 138,000 ló ń kú. A ò ní kí ẹ bú oníṣègùn o. Ohun tí a ń sọ ni pé ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ dé.

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́, tó gbẹ, á gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ̀jẹ̀ náà ò bá dì, oró ti wọ ara nìyẹn. Bó bá dì, wọ́n á ṣì dá a dúró, wọ́n á tún un ṣe, nítorí oró lè pẹ́ kó tó fara hàn, oró sèbé kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa wò bóyá ìpéǹpéjú ń wálẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde léèrìgì, bóyá mímí ń nira.

Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ni oògùn rẹ̀ gan-an. Dókítà ará Faransé kan, Albert Calmette, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é láàárín ọdún 1890 sí 1900. Wọ́n á fi oró díẹ̀díẹ̀ sára ẹṣin tàbí àgùntàn títí ara ẹran náà á fi mọ bí a ṣe ń bá a jà, wọ́n á wá mú ohun tó ń jà náà jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Méjì tí wọ́n ṣe nítorí ejò Nàìjíríà ń jẹ́ EchiTAb. Èyí tó ń ti Costa Rica wá ń ṣiṣẹ́ fún oríṣi ejò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kà sókè. Èkejì, láti Wales, ti ejò aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ yẹn nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọmọdé á gba ìdajì: oró tí ejò tú sára ọmọ kò kéré sí èyí tó ń tú sára àgbà, iye kan náà ni wọ́n ń fún wọn. Kì í sì ṣe ohun tí a ń gún nílé, torí ó lè bínú sí ara ẹlòmíì.

OHUN TÓ KÙ FÚN ẸGBẸ́

Abẹ́rẹ́ yìí wọ́n, kì í sì í sí níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kà á mọ́ àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì ní ọdún 2017, tí wọ́n sì ní ní ọdún 2019 pé àwọn fẹ́ kí ikú rẹ̀ dín sí ìdajì kí ọdún 2030 tó pé. Àmọ́ ejò ò ní dúró dè wá títí dìgbà yẹn.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ìpàdé tó ń bọ̀ gbé ohun mẹ́ta yẹ̀ wò. Èkínní, kí àwọn ìyá ìsọ̀ lọ bèèrè ní ọsibítù tó yí wa ká, èwo ló ní abẹ́rẹ́ náà, kí a tó nílò rẹ̀. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Èkejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní awakọ̀ kan tó gbà láti jáde lóru, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ̀kẹta, kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àjọṣe, kí ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá má baà máa wá owó kiri nígbà tí oró ń rìn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ejò ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwa gbọ́n jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká rìn pọ̀.

Ọjà á tà o, ilé á tòrò. Ó dìgbà kan ná.