Yíyọ́ àti Yíyòrò

Ní ọjà Tẹ̀júoṣó, oòrùn a máa yọ́ òrí inú igbá. A sì tún máa ń sọ pé iyọ̀ yọ́ sínú omi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ooru nìkan ló sọ òrí di olómi; bí ó bá tutù, yóò tún dì. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í yọ́ àfi bí ìgbóná bá tó 801°C, bẹ́ẹ̀ ni omi ń hó ní 100°C. Síbẹ̀, inú omi tútù ni iyọ̀ ti ń pòórá. Bí omi bá sì gbẹ tán, iyọ̀ yóò tún hàn. Nítorí náà, a dábàá kí ‘yọ́’ jẹ́ ti ooru, kí ‘yòrò’ sì jẹ́ ti ìdàpọ̀ mọ́ omi.