Èéfín Ẹ̀rọ Lésà: Kí Ẹ Tó Ra Fáànù Ńlá



Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní físíìsì láyé ọjọ́un fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti ra ẹ̀rọ lésà kékeré kan, èyí tí wọ́n ń pè ní K40, ó gbé e sí yàrá kan ní bọ́ìsì kọ́tà, ó ń fi í gé pásípẹ́ẹ̀sì àti pákó fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó: orúkọ tí wọ́n ń fi sórí kéèkì, ìwé ìpè, àwọn nǹkan tí wọ́n ń pín lóde. Ó ní, "Prof, ẹ káàsán sà. Fáànù tó bá ẹ̀rọ yìí wá ń yí dáadáa o, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń rùn. Ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. Mo fẹ́ ra fáànù tó jù ú lọ. Èwo ni kí n rà sà?"

A ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti pọ̀ gan-an báyìí, láti Ṣómólú níbi tí àwọn onítẹ̀wé kún sí, títí dé Ìbàdàn àti Òṣogbo, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé inú yàrá tó ń sùn ló gbé ẹ̀rọ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé kò tíì kan fáànù ńlá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń lé jáde. Kumar Patel ló ṣe lésà tó ń lo gáàsì carbon dioxide ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964, irú rẹ̀ náà ló wà nínú gíláàsì gígùn tó wà lẹ́yìn K40. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn tó máíkírómítà 10.6, ojú èèyàn kò lè rí i. Pákó àti pásípẹ́ẹ̀sì máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì, ooru rẹ̀ a sì sọ ibi tó bá kàn di gáàsì lójú ẹsẹ̀. Ayùn káfíńtà ń sọ pákó di lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ sílẹ̀, ẹ lè fi ìgbálẹ̀ gbá a. Lésà ń sọ ọ́ di ohun tí a ń fà símú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí n kò fi gbà pé "òórùn lásán ni, á lọ".

Òórùn dídùn-kíkan tí pásípẹ́ẹ̀sì máa ń mú wá, methyl methacrylate ló ń jẹ́. Pásípẹ́ẹ̀sì ti padà di ohun tí wọ́n fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Òun náà wà nínú omi olówó pọ́ọ́kú tí àwọn kan fi ń ṣe èékánná àtọwọ́dá, ó máa ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun, ó sì máa ń fọ́ orí. Pákó lásán ò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá dé ilé ìdáná ìyá rẹ̀ àgbà rí, tó sì gbójú sókè wo ààjà bó ṣe dúdú kirimú, mọ ohun tí èéfín igi ń ṣe: carbon monoxide wà nínú rẹ̀, ẹ̀rún dúdú wẹ́wẹ́ tó kéré débi tí imú kò lè sẹ́ ẹ náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. MDF tún burú ju pákó lọ, nítorí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ máa ń tú formaldehyde jáde, ohun kan náà tó wà nínú fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú.

Ti PVC yàtọ̀ pátápátá, àti ọ̀pọ̀ lẹ́dà àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń ṣe báàgì, nítorí PVC ló wà lára wọn. Kò sí fáànù tó lè mú kó dára láti gé wọn. Klorínì inú rẹ̀ máa ń di hydrogen chloride, bí ìyẹn bá sì pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tàbí ti ọ̀nà ọ̀fun yín, ásíìdì ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń fi gé PVC, irin inú rẹ̀ á dípẹtà kíákíá. Ẹ wá ro ohun tí yóò ṣe sí ẹni tó jókòó tì í. Bí oníbàárà bá gbé ike wá tí ẹ ò mọ irú ẹ̀, ẹ mú wáyà kọ́pà kan lọ sí ìta, kí ẹ fi ẹ̀mú dì í mú. Ẹ fi iná gáàsì yan orí wáyà náà títí yóò fi pọ́n, ẹ fi kan ike náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ dá a padà sínú iná. Bí iná bá yọ àwọ̀ ewé, klorínì wà níbẹ̀. Ẹ dá ẹrù olóhun padà fún un. Ẹ̀rún kékeré ni kí ẹ lò o, kí ẹ sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ.

Ó kù síbi tí fáànù wà. Bí K40 ṣe máa ń wá láti Ṣáínà, inú àpótí ike tí wọ́n há mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni fáànù rẹ̀ ń gbé, họ́ọ̀sì rírọ̀ kan a sì ti ibẹ̀ lọ sójú fèrèsé. Fáànù náà ń ti èéfín gba inú họ́ọ̀sì kọjá ni. Nígbà tí ó ń tì í, ìfúnpá inú họ́ọ̀sì ju ti yàrá lọ. Gbogbo ibi tí ó bá ti lu, àti gbogbo ojú ìsopọ̀ tí kò dí dáadáa (àpótí ike yẹn kì í sì dí), èéfín á máa tibẹ̀ tú sínú yàrá. Ẹ wá lọ ra fáànù tó lágbára ní ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi sí ojú ibẹ̀ náà: èéfín tó ń jò náà á lágbára sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ọmọ mi yìí gan-an nìyẹn.

Ẹ yọ fáànù kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ gbé e lọ sí ìpẹ̀kun họ́ọ̀sì, lójú fèrèsé, tàbí níta pàápàá bí ẹ bá lè fi nǹkan bò ó kí òjò má pa á. Nígbà náà yóò máa fa èéfín ni. Inú họ́ọ̀sì àti inú ẹ̀rọ á ní ìfúnpá tó rẹlẹ̀ ju ti yàrá lọ, bí ibì kan bá sì lu, afẹ́fẹ́ yàrá ni yóò wọlé síbẹ̀, èéfín ò ní jáde. Fáànù kan náà, iná kan náà, ìyàtọ̀ ńlá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Gbogbo wa la ti lu ihò sí agolo mílíìkì rí. Bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan, mílíìkì á máa kán tó-tó-tó. Ẹ lu èkejì, ó dà. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà kò lè jáde bí òmíràn ò bá wọlé rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi sẹ́lótéèpù dí gbogbo ojú ẹ̀rọ pinpin, kí èéfín má baà jáde, wọ́n á wá máa bú fáànù. Ẹ lu ihò síwájú ẹ̀rọ, sí ìsàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba orí ohun tí à ń gé kọjá lọ sẹ́yìn. Họ́ọ̀sì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní ojú tó tó sẹ̀ǹtímítà alápá mẹ́rin 78. Kí gbogbo ihò tí ẹ lù, tí a bá ro wọ́n pọ̀, má kéré sí ìyẹn. Ẹ tún yẹ inú K40 wò. Páńù onígun mẹ́rin kan wà tó ti ẹ̀yìn yọ wọ inú ibi iṣẹ́, ó ń gba àyè mọ́ irinṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì fẹ̀ tó. Ìdè díẹ̀ ló mú un. Àwọn tó mọ ẹ̀rọ yìí máa ń yọ ọ́ tàbí kí wọ́n gé e kúrú.

Yàrá náà ńkọ́? Òfin agolo mílíìkì kan òun náà. Bí fáànù bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde ní yàrá tí ẹ tì pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ibì kan ni afẹ́fẹ́ mìíràn á gbà wọlé. Ibo? Ní ilẹ̀ wa níbi, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró kí ẹ ronú lórí èyí dáadáa. Bí iná bá lọ, tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìnkùlé, tí fèrèsé ẹ̀yìn sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, fáànù tí ẹ rà kí ara lè dá ṣáṣá ni yóò máa fa èéfín jẹnẹrétọ̀ wọlé bá yín. Èéfín pásípẹ́ẹ̀sì ń rùn, ẹ ó sá fún un. Carbon monoxide kò rùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú lórílẹ̀-èdè yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àbáwọlé afẹ́fẹ́ kọjú sí ibòmíràn, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí carbon monoxide bá wà nínú ilé. Èmi ò ní ṣe ohunkóhun mìíràn lórí iṣẹ́ yìí kí n tó ṣe èyí.

Ó wá kan fáànù fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ìgbà tí kò sí họ́ọ̀sì lẹ́nu rẹ̀ rárá ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Fáànù alábẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń fi sójú ògiri ilé ìdáná lè ní nọ́ńbà ńlá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, agbára á tán. Ńṣe ni yóò kàn máa yí lójú kan. Irú tó yẹ ni èyí tí wọ́n ṣe fún àárín páìpù, tó lè fa afẹ́fẹ́ bí ọ̀nà tilẹ̀ há. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní fáànù náà ní 300 mítà oníbùú-mẹ́ta ní wákàtí kan, ká sì ní họ́ọ̀sì àti ihò gba ìdajì níbẹ̀. Ó ku 150, ìyẹn lítà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí inú ẹ̀rọ yín bá gba lítà 100, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á pààrọ̀ nígbà 25 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn tó. Fáànù jàgànnà tó ń pariwo bí ọkọ̀ òfuurufú kò pọn dandan fún ẹ̀rọ kékeré.

Bí owó bá kù, ọ̀nà ni kí ẹ ná an lé. Bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà bá ń kọjá, ìnira inú páìpù máa ń dínkù bí a bá ṣe fẹ̀ ẹ́ tó, ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ara rẹ̀: páìpù sẹ̀ǹtímítà 15 fi nǹkan bí ìlọ́po méje àtààbọ̀ rọrùn fún fáànù ju ti sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sá kíláàsì mi lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ, ẹ ti rí i báyìí. Kó kúrú, kó nà tààrà, kí inú rẹ̀ dán. Họ́ọ̀sì tó wé bí kòkòrò, tí ẹ fi sílẹ̀ kó ká jọ, ti jẹ ìdajì owó fáànù. Nítòsí ẹ̀rọ, ẹ lo alumíníọ́ọ̀mù dípò ike, nítorí iná.

Mo mẹ́nu ba iná. Pákó àti pásípẹ́ẹ̀sì lè gbiná nídìí lésà, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà á sì máa fẹ́ iná náà. Ìda àti èédú tó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù pẹ̀lú, epo iná ni. Ẹ máa yọ páìpù nù lóòrèkóòrè. Pọ́ǹpù kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sẹ́nu ibi tí lésà ti ń gé máa ń pa ọwọ́ iná, kì í sì í jẹ́ kí èéfín bo lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì tó dọ̀tí á máa gba ooru sára títí yóò fi sán. Síbẹ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan sílẹ̀ lọ ra ẹ̀kọ.

Àwọn kan á ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fílítà. Fún ẹni tí kò ní fèrèsé, ó wúlò: HEPA á mú ẹ̀rún, èédú á mú òórùn. Ṣùgbọ́n èédú máa ń yó, bó bá sì ti yó, gbogbo rẹ̀ ń kọjá, owó rẹ̀ kò sì kéré. Gbígba èéfín kọjá nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kò tó nǹkan, methyl methacrylate kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú omi. Ìbòmú lásán pẹ̀lú kò lè dá gáàsì dúró. Ẹni tó ní fèrèsé tó ń ra fílítà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Kí ẹ ṣáà rí i pé ẹnu páìpù kò kọjú sí fèrèsé aládùúgbò, torí pé ọmọ wà nílé tiwọn náà.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ má tíì tan lésà. Ẹ gbé kọ́ìlì náà yí ẹ̀rọ àti gbogbo ojú ìsopọ̀ ká. Níbi gbogbo, èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú. Ibi tó bá ti tẹ̀ síta, ẹ dí i kí ẹ tún wò ó. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ iná fún yín kó so iná lésà mọ́ ti fáànù, kí lésà má lè tàn bí fáànù ò bá yí. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín wà lórí ínfátà tí fáànù sì wà lórí iná ìjọba. Bí ẹ bá gé iṣẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí fáànù yí fún ìṣẹ́jú kan sí méjì sí i kí ẹ tó ṣí ìdérí.