Owó Ìyá Àgbà Kò Fẹ́ Eérú

Láti 1973 tí náírà ti gba ipò ṣílè ní Nàìjíríà ni tọ́rọ́, sísì àti kọ́bọ̀ oníhò ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí ó bá jogún wọn nínú àpótí ìyá àgbà a sáré fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha wọ́n kí wọ́n lè dán. Àdánù gbáà ni! Ara owó ni ó ń bó lọ. Àwọn tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ kì í sì í fẹ́ irú rẹ̀.

Ojúlówó fàdákà ni ṣílè tí a rọ láàárín 1913 sí 1919. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ní ń sọ ọ́ di dúdú. Kí a fi dúdú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Álúbọ́ọ̀mù dára fún un, bí ewé rẹ̀ kì í bá ṣe ọ̀rá PVC, tí í sun oje kíkan sára owó bí ọdún ti ń gorí ọdún. Etí ni kí a ti mú un, nítorí òógùn ọwọ́.