Ọwọ́ Tó Kọ́kọ́ Gba Ẹ̀jẹ̀: Iṣẹ́ Olùrànlọ́wọ́ Láàbù ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ láti Ifọ́n ní Ọ̀sẹ́ wá sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀. Ara ọmọ gbóná, kò sì jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà kọ ìwé àyẹ̀wò, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí ìyá jókòó kó máa retí èsì. Nígbà tí èsì jáde, dókítà kà á, ó sì kọ oògùn. Dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ni ìyá ọmọ rí. Kò rí ẹni tó gba ìgò ẹ̀jẹ̀ náà lójú fèrèsé láàbù, tó wo orúkọ ara rẹ̀, tó fún un ní nọ́ńbà, tó sì pèsè rẹ̀ sílẹ̀ de ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Olùrànlọ́wọ́ láàbù nìyẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣìṣe, ìmọ̀ ọ̀gá tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kò lè tún un ṣe, torí ọ̀gá kò ní mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni òun ń wò.

Ìpele mẹ́ta tó wà nínú láàbù

Òfin ọdún 2003 ló gbé ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní MLSCN kalẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ láàbù ìṣègùn ní Nàìjíríà. Ìpele òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà ń forúkọ wọn sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni onímọ̀ láàbù, ẹni tó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì. Òun ló ń ṣe àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, òun ló ń túmọ̀ ohun tó rí, òun ló sì ń fọwọ́ sí èsì. Èkejì ni tẹkiníṣíànì, tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tó sì ń ṣe àyẹ̀wò lábẹ́ ojú onímọ̀. Ẹ̀kẹta ni olùrànlọ́wọ́, tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: onímọ̀ kò lè dá gba ìgò ọgọ́rùn-ún lóòjọ́ kó tún yẹ gbogbo wọn wò, olùrànlọ́wọ́ náà kò sì lè fọwọ́ sí èsì.

Orúkọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́

Nígbà tí ìgò bá dé, olùrànlọ́wọ́ á fi ohun tó wà lára rẹ̀ wé ohun tó wà lórí ìwé dókítà: orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà ilé ìwòsàn, wọ́ọ̀dù, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó. Táíwò méjì tàbí Bọ́sẹ̀dé méjì lè wà ní wọ́ọ̀dù kan náà lọ́jọ́ kan náà. Bí ìgò àti ìwé kò bá bára mu, kò gbọdọ̀ méfò, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ. Ńṣe ni yóò dá a padà. Ó sàn kí wọ́n tún gún ọmọ lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ju kí wọ́n fi èsì ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú rẹ̀. Níbi ìfúnnilẹ́jẹ̀, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ̀jẹ̀ A bá wọ ara ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ O, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ohun tó kàn ni ìdérí ìgò, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Èyí tó ní ìdérí elésè-àlùkò ní EDTA nínú, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Òun ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó lára. Ti onípupa kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó dì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ̀rọ tó yí i bírí kí omi ara rẹ̀ lè yọ sókè. Ti aláwọ̀ eérú wà fún àyẹ̀wò ṣúgà, torí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà lẹ́yìn tí wọ́n ti fà á. Oògùn inú ìgò yẹn ló ń dá a dúró. Bí ẹnì kan bá da ẹ̀jẹ̀ láti inú elésè-àlùkò sínú onípupa, pòtásíọ́ọ̀mù á ga lórí ìwé, kálísíọ́ọ̀mù á sì wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara aláìsàn kò ní ìṣòro kankan. Olùrànlọ́wọ́ tó mọ èyí ló ń gba dókítà lọ́wọ́ irọ́ tí ìgò ń pa.

Lẹ́yìn náà ni ìpèsè. Fún àyẹ̀wò ibà, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ọ̀kan nípọn. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fi mẹ́tánọ́ọ̀lù mú dúró. Èyí tó nípọn kò gbọdọ̀ kan mẹ́tánọ́ọ̀lù rárá, torí omi gbọ́dọ̀ fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kí kòkòrò ibà lè hàn. Nígbà tó bá gbẹ, á fi aró tí wọ́n ń pè ní Giemsa rẹ ẹ́ bí aláró ti í rẹ aṣọ. Bí àsìkò bá kúrú jù, kòkòrò kò ní hàn. Bó bá pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn kò hàn síta. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, á ka òtútù fìríìjì, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èlò àyẹ̀wò ń fẹ́ òtútù tó wà láàárín 2°C àti 8°C, bí iná bá sì lọ lóru, àkọsílẹ̀ yẹn ló máa tú àṣírí èlò tó ti bàjẹ́. Á fi ọ́tókíléèfù, ìkòkò tí ń fi ooru àti agbára omi gbígbóná pa kòkòrò, se ohun èlò ní 121°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Á sọ abẹ́rẹ́ sínú àpótí tirẹ̀ láìdé e padà, á sì ti àpótí náà pa kó tó kún dé ẹnu.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ń fẹ́ ìṣọ́ra gan-an lọ́dọ̀ wa

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, àgàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ara eku ọlọ́mú púpọ̀ ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbé, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ló sì ń gbé e wọ inú oúnjẹ wa. Ohun tó léwu fún òṣìṣẹ́ láàbù ni pé, níbẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn. Nítorí náà, ìgò tí wọ́n kọ "àyẹ̀wò ibà" sí lára lè ní Lassa nínú. Òfin tó wà nílẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ ka gbogbo ẹ̀jẹ̀ sí èyí tó lè kó àrùn ranni: ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, aṣọ ìdáàbòbò lára, ohun ìbojú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá lè ta síni lójú, omi klórínì 0.5% fún èyí tó bá dà sílẹ̀.

Ìtàn fi hàn pé ewu yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, lẹ́yìn tí ó mú àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ ajíhìnrere tí àkọ́kọ́ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa ní Borno. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Jordi Casals tó ń wá fáírọ́ọ̀sì náà kó o, ó sì yè é. Juan Roman, tẹkiníṣíànì tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ kan fáírọ́ọ̀sì yìí, kó o, ó sì kú kí ọdún náà tó parí.

Lónìí, FMC Ọ̀wọ̀ ní láàbù tí ń yẹ Lassa wò. Tẹ́lẹ̀, Irrua ní Ẹdó, tí àyẹ̀wò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò láti Òkèlúsè tàbí Ìdó-Àní dé Ọ̀wọ̀, ìpele mẹ́ta ni wọ́n sì ń dì í. Ìgò tí wọ́n dé pinpin á wà nínú ohun tó lè fa omi mu, ìyẹn á wọ inú agolo tí kì í jò, agolo á wọ inú àpótí líle pẹ̀lú yìnyín. Ìta agolo ni ìwé máa ń wà, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa pa orúkọ rẹ́ bí ìgò bá fọ́ lọ́nà.

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí a ṣe ń di ọ̀kan

Olùrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí èsì, kò gbọdọ̀ sọ èsì fún aláìsàn tàbí ará ilé rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣí láàbù tirẹ̀. Ìdílé lè tú ká nítorí èsì HIV tó yọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá, WAEC tàbí NECO, tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì wà nínú ohun tí wọ́n máa ń wò. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera. Kó tó sanwó níbikíbi, kó béèrè bóyá MLSCN fọwọ́ sí ètò náà, torí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò fọwọ́ sí kò ní jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀. Kó má sì ṣe ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láàbù sáyẹ́ǹsì gbogbogbòò ti pọlitẹ́kíníìkì sí ẹ̀kọ́ láàbù ìṣègùn. Ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó wọn. Ẹni tó bá wù láti tẹ̀ síwájú lè di onímọ̀: Yunifásítì Achievers ní Ọ̀wọ̀ ń kọ́ni ní ìmọ̀ láàbù ìṣègùn.

Ọjọ́ kan wà tó fi hàn bí iṣẹ́ yìí ti ṣe pàtàkì tó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì St Francis ní Ọ̀wọ̀, àwọn tó fara gbọgbẹ́ kún inú ilé ìwòsàn Ọ̀wọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ìlú ń wá. Ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn fi tọkàntọkàn ṣètọrẹ kò ṣeé fà sára ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi mọ irú tó jẹ́, tí wọ́n á wò ó bóyá àrùn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì kọ orúkọ tó tọ́ sí i lára.

Èyí ni mo fi ń bẹ ìyá ọmọ Ifọ́n àti gbogbo wa: bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ sọ orúkọ àti ọjọ́ orí yín lẹ́nu ara yín, kí ẹ sì dúró kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò lójú yín kí ẹ tó dìde.