Bí A Ti Í Dín Ẹran Màlúù Kí Ó Rọ̀, Kí Ó Má Sì Pa Ni Lára

Ní ìlú Festac, tí ìjọba kọ́ ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún ńlá àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977, ẹran màlúù kò ṣòro láti rí ní ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ilé ni ó ń ráhùn pé ẹran náà le bí awọ. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sọ oògùn parasitámọ́ sínú ìkòkò, kí ó lè tètè rọ̀. Àṣà búburú ni. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ewu.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹran fi ń le. Láti Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú màlúù tí a ń jẹ ní Èkó ti ń wá. Èyí tí ó ti rin pápá fún ọdún púpọ̀, iṣan rẹ̀ a gbó. Ibi tí ẹranko fi ń ṣiṣẹ́ jù ni ó sì ń le jù: ọrùn, àyà, ẹsẹ̀. Ẹran gígùn tí ó wà ní abẹ́ egungun ẹ̀yìn, ní ẹ̀bá kíndìnrín, kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀. Òun ni ó rọ̀ jù. Ẹran òkè ẹ̀yìn ni ó tẹ̀ lé e. Nínú méjèèjì yìí ni kí alápatà ti gé èyí tí a ó dín, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sítéèkì. Ẹran ọrùn àti ti ẹsẹ̀, ọbẹ̀ ni ó yẹ wọ́n, nítorí omi gbígbóná àti wákàtí 2 tàbí 3 ni ó ń sọ iṣan wọn di rírọ̀.

Kí ẹran náà nípọn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀. Bí ó bá le díẹ̀, kí a rin ìbẹ́pẹ tí kò tí ì pọ́n, kí a fi pa á lára fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a sì nù ún kúrò. Oje funfun inú ìbẹ́pẹ a máa gé iṣan. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹran náà a di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a fi iyọ̀ sí i, kí a sì fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ dáadáa. Ẹran tí ó tutù kì í pọ́n. Omi ara rẹ̀ ni yóò máa hó.

Kí a gbé agbada irin tí ó wúwo ka iná títí yóò fi gbóná gidigidi, kí a ta òróró díẹ̀ sí i, kí a sì tẹ́ ẹran náà sí i. Kí a máa yí i padà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Ní ọdún 1847, Justus von Liebig ti ilẹ̀ Jámánì kọ́ni pé iná líle a máa dí ojú ẹran kí omi rẹ̀ má bàa jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adùn àti àwọ̀ pupa rẹ̀ ni a ń wá. Bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí a tó gé e ní ìdábùú ìlà rẹ̀.

Ẹ má ṣe tẹ̀ lé àwọn tí ń jẹ ẹ́ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì wà ní tútù. Ọmọ aràn pẹlẹbẹ gígùn a máa fara pamọ́ sínú ẹran màlúù, a sì máa dàgbà nínú ìfun ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ láìjinná. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, kí ó rí i pé inú ẹran náà dé ìwọ̀n 71 ti Celsius. Ẹni tí kò ní i, kí ó gé àárín rẹ̀ wò: kò gbọdọ̀ pupa mọ́. Ẹran tí a lọ̀, àní kí a ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdọ̀tí ojú rẹ̀ ti wọ inú.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹran tí a mọ̀ ọ́n yàn ní ọjà, tí a sì fi sùúrù dín, kò bèèrè oògùn kankan.