Àbámọdá inú ike wa: níbo ló ti wá?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra òdòdó kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Festac níbí. Ẹni tó tà á fún mi ní àbámọdá ni. Ewé rẹ̀ gùn, ó rí roboto bí ike bírò, ọmọ wẹ́wẹ́ sì so sí ṣóńṣó ewé. Nígbà tó yá, ikọ́ mú àbúrò mi, màmá wa bá ní kí n já ewé náà wá káwọn fún omi rẹ̀ fún un.

Ọpẹ́lọpẹ́ Màmá Ìbejì, ará ilé wa. Wọ́n wo ewé náà, wọ́n ní: "Ẹ dúró ná! Àbámọdá wo lèyí? Èyí témi mọ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀, etí ewé lọmọ ti ń yọ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kalanchoe delagoensis ni mo rà. Ó ti pa màlúù ní Australia, torí ó ní èròjà tó máa ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Àbámọdá gan-an ni Kalanchoe pinnata.

Ó yá, báwo la ṣe ń mọ̀ pé ewé méjì jẹ́ ẹbí, àti ibi tí ìran wọn ti ṣẹ̀? Ojú lè tan ni jẹ, DNA ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ wò ó báyìí: bí Ṣadé bá da nóòtì Túndé kọ, tó sì ṣi lẹ́tà kan kọ, gbogbo ẹni tó bá da ti Ṣadé kọ ló máa ní àṣìkọ yẹn. Bí DNA náà ṣe rí nìyẹn látìrandíran. Àwọn ewé tó bá ní àṣìkọ kan náà sábà máa ń jẹ́ ọmọ baba ńlá kan. Ibi tí ẹ̀ka ìdílé bá sì pọ̀ sí jù ló sábà máa ń jẹ́ orírun wọn.

Ní 2001, Hans Gehrig, Manfred Kluge àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì fi apá kan nínú DNA ìdílé Kalanchoe wéra. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n rí, Madagascar sì ni ìdílé náà ti gbilẹ̀ jù. Erékùṣù olókè ni, níbi tí òjò ti ń rọ̀ gan-an lápá kan, tí apá kejì sì gbẹ. Ibẹ̀ ni àbámọdá ti wá, ibẹ̀ náà lèyí tí mo rà ti wá. Ọ̀dúndún ńkọ́? Ìbátan wọn ni, àmọ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí ni.

Ọmọ etí ewé àbámọdá ò nílò bàbá. Ẹ̀dà ìyá rẹ̀ ni, DNA kan náà. Ewé kan ṣoṣo tó bọ́ sílẹ̀ lè kún àgbàlá. Ibẹ̀ náà lewu wà: àrùn tó bá mọ ọ̀kan pa, ó lè mọ gbogbo wọn pa.

Màmá Ìbejì ò gbà pé àlejò ni àbámọdá. "Ewé tí ìyá ìyá mi lò!" Mi ò bá wọn jiyàn. Festac fúnra rẹ̀, torí àwọn àlejò àjọ̀dún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, àwa la wá di onílé níbẹ̀ lónìí.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún omi ewé tẹ́ ò dá mọ̀ sẹ́nu ọmọ. Àbámọdá gidi pàápàá ní irú èròjà yẹn nínú. Ọ̀dọ̀ dókítà la gbé àbúrò mi lọ.